Èsì: Ẹ gbé Màmá lọ sí Segedunum

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ̀gbọ́n. Nínú àwọn ibùdó ọmọ ogun Róòmù tó wà lẹ́bàá odi Hadrian, odi àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù mọ sí àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ béèrè nípa wọn, Segedunum ní Wallsend ló máa rọrùn jù fún ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ ojú irin Metro á já yín sí tòsí. Lííftì ló ń gbéni dé orí ilé gogoro rẹ̀ tó ga ní mítà 35. Láti ẹ̀yìn gíláàsì, Màmá á máa wo ìpìlẹ̀ ibùdó náà nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Housesteads, ibùdó mìíràn lẹ́bàá odi náà, ńkọ́? Òkè ni wọ́n ń gùn débẹ̀, ọ̀nà náà sì jìn. Ẹ má dán an wò láìpe àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣáájú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mú ìborùn tó nípọn dání fún Màmá o.