Kí o tó bọwọ́ lu ìwé àwọn aláṣọ: èsì fún àbúrò wa onífọ́tò l'Ádó-Èkìtì

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o ti gba ìwé ìgbaniwọlé fún másítà nínú fọ́tò yíyà ní Lọ́ńdọ̀nù, pé ìgbéyàwó àti aṣọ àwọn télọ̀ lo fi ń jẹun l'Ádó, pé o tún ní àwọn fọ́tò tìrẹ tí o yà ní Ìkọ́gòsì àti Ẹ̀fọ̀n tí o fẹ́ kí gálárì gbé kọ́. Aláṣọ kan l'Ékòó sì ti fẹ́ lo àwọn ti Ìkọ́gòsì. O wá ń bèèrè bóyá kí o máa jẹ́ orúkọ méjì, ọ̀kan fún oge, ọ̀kan fún iṣẹ́ ọnà. Màá dáhùn, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ká mi lára.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n máa fún ọ kò gbà kí o dá iṣẹ́ ara rẹ ṣe rárá. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀, iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ń sọ, èyí tí wọ́n ń yọ owó orí nínú owó rẹ kó tó dé ọwọ́ rẹ. Tí ẹnì kan bá ní kí o wá ya aṣọ òun, tí o yà á, tí o fi ínfọ́ìsì, ìwé tí a fi ń béèrè owó iṣẹ́, ránṣẹ́, o ti rú òfin físà, ì báà jẹ́ iṣẹ́ wákàtí kan. Obìnrin tí iléèwé mi gbé sí ọ́fíìsì pé kó máa gba àwa àlejò nímọ̀ràn kò mọ èyí. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn, ó ní tí kò bá ti kọjá wákàtí 20, kò sí wàhálà. Ó ń gbowó oṣù lórí ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ o! Lọ́yà tí mo lọ sanwó rí ló là mí lójú. Nígbà yẹn mo ti yàwòrán fún àwọn aláṣọ kan, wọ́n sì ń retí ínfọ́ìsì mi. Mi ò lè kọ ọ́, wọn ò sì lè sanwó láìrí i. Owó náà dúró sọ́wọ́ wọn títí di òní, fọ́tò náà ni kò dúró, wọ́n lò ó bó ṣe wù wọ́n.

Ibi tí mo ti rí owó oúnjẹ ni sítúdíò kan tó ń ya ọjà fún àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàtà, báàgì, ẹ̀wù, pẹ̀lú ẹ̀yìn funfun, látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀wù tó bá tóbi ju ọmọge tó wọ̀ ọ́ lọ, wọ́n á fi kílíìpù kó o jọ lẹ́yìn, iwájú á wá rí bíi pé ara rẹ̀ ni wọ́n rán an mọ́. Bí o bá yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún irin. Iṣẹ́ náà sú mi, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iná, iṣẹ́ oṣù sì ni, òfin gbà á. Wá irú ẹ̀.

Lẹ́yìn másítà, físà Graduate wà. Òun gbà kí o dá dúró. Ọdún méjì ni wọ́n ń fúnni, àmọ́ oṣù 18 ni wọ́n máa fún ẹni tó bá kọ̀wé béèrè láti January 2027 lọ, nítorí náà ka oṣù rẹ dáadáa. Fíforúkọ sílẹ̀ fún owó orí, insurance kámẹ́rà, báńkì, gbogbo ìyẹn ò le, wàá rí i ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Mo ti ya àwọn ìyá àgbà kan ní Ìkẹ́rẹ́ kí n tó kúrò nílé, nínú aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣe ìyàwó, lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, nígbà tí oòrùn bá ń rọlẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Iléeṣẹ́ aṣọ kan rí i, wọ́n ní kí n wá fi aṣọ tiwọn ya irú ẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi sọ pé sáà kan péré làwọn máa lò ó. Ìwé tí wọ́n wá fi ránṣẹ́ gùn bí ọjọ́ ebi, alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n sì fi ránṣẹ́, nígbà tí wọ́n ti háyà iná, tí ìyá tí a fẹ́ yà ti wọ ọkọ̀. Ẹ́jẹ́ńtì tó ń gba ìdá nínú owó mi ní bí ìwé wọn ṣe máa ń rí nìyẹn, kí n bọwọ́ lù ú. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ ọ́ sí: àwọn lè lò ó lórí ohunkóhun, ní gbogbo ayé, títí láé, ẹlòmíì kò sì gbọdọ̀ tà á. Èmi gan-an ni ẹlòmíì náà.

Nígbà tó yá, gálárì kan fẹ́ràn ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò yẹn ju gbogbo ti Ìkẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n fẹ́ tẹ ẹ̀dà márùn-ún péré, kí n bọwọ́ lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni obìnrin tó ni ibẹ̀ bi mí: ta ló tún lẹ́tọ̀ọ́ sí i? Mo fi ìwé hàn án. Ó kà á débì kan, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó fa gègé gba orí fọ́tò náà lórí bébà tó tò wọ́n sí. Mi ò bá a jà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ìyá náà wà lára ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà fún oníbàárà. Ta ló máa san owó gálárì lórí ohun tí wọ́n ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́?

Òfin 1988 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìwọ tí o ya fọ́tò lo ni ín, bí ẹlòmíì tilẹ̀ sanwó iṣẹ́, àfi tí o bá jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn tàbí tí o bá fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ fún wọn. Nítorí náà, kí ìwé sọ orí kí ni wọ́n máa lò ó, orílẹ̀-èdè wo, oṣù mélòó. Tí wọ́n bá fẹ́ kún un, kí wọ́n kún owó. Kí o sì fi ìlà kan síbẹ̀ pé o lè gbé e kọ́ sí gálárì, o lè ta ẹ̀dà mélòó kan péré tí o bọwọ́ lù. Gálárì náà á gba ìdajì, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù.

Àwọn olùkọ́ kan á sọ fún ọ pé iṣẹ́ tí ẹnì kan bẹ̀ ọ́ ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Wọ́n sọ fún èmi náà, bíi pé inú Bíbélì ló wà. Mo bi wọ́n pé Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére Èkìtì, ń kọ́? Ọba ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ tó fi gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yẹn lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1924, British Museum rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àga tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pààrọ̀ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Àga! Ojeikere, onífọ́tò tó ya irun àwọn obìnrin wa láti 1968, iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà ló ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Samuel Fosso, onífọ́tò tó dàgbà lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò kí ogun tó lé e dé Bangui ní Central African Republic, ṣọ́ọ̀bù aṣọ Tati ní Paris ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ní 1997, àwọn fọ́tò yẹn sì wà lára èyí tí ayé mọ̀ ọ́n sí jù.

Èsì rẹ nìyẹn: orúkọ kan ni kí o jẹ́. Àmọ́ má da fọ́tò méjèèjì pọ̀ nínú fáìlì kan. Èyí tí o máa fi ránṣẹ́ sí aláṣọ, kí aṣọ hàn níbẹ̀, ìránṣọ rẹ̀, bó ṣe ń ṣubú lára. Èyí tó ń lọ sí gálárì, kó jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo, fọ́tò bíi 15, má fi ìyàwó kankan sí i.

Tọ́jú fáìlì rẹ o. James Barnor, onífọ́tò ará Gánà, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1959, ó ya àwọn ọmọge aláwọ̀ dúdú fún èèpo ẹ̀yìn ìwé ìròyìn Drum, ó padà sílé, ó tún padà wá, ó sì ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní pápákọ̀ òfuurufú Heathrow. Ó ti lé ní 90 ọdún nígbà tí gálárì Serpentine ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfihàn ńlá rẹ̀ ní 2021. Ká ní kò tọ́jú fíìmù rẹ̀, kí ni wọn ì bá gbé kọ́?

Àwọn tí o yà l'Ékìtì náà, gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn báyìí, lédè Yorùbá, kí wọ́n tẹ̀ka sí i níṣojú ọmọ wọn. Nígbà tí lọ́yà aláṣọ béèrè ti ẹ̀gbọ́n màmá mi tí mo yà, màmá àgbà ti re ibi àgbà ń rè, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jà lórí ilé, kò sẹ́ni tó fẹ́ bọwọ́ lu nǹkan kan.

Nípa Global Talent, físà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn tó dáńtọ́ nínú iṣẹ́ wọn, Arts Council England ló ń yẹ iṣẹ́ àwa oníṣẹ́ ọnà wò. Lẹ́tà mẹ́ta, ẹ̀rí tí kò ju 10 lọ, láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jọ láti Adó.

Ti aláṣọ Èkó yẹn, má tíì bọwọ́ lù ú. Pa orúkọ wọn rẹ́, kí o ya ojú ewé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìlò sí, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́. Ojú ọ̀sán kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Ìkẹ́rẹ́ níbi tí mo wà.