Ṣé kí n ra jíìpù àlòkù tó ń lo dísù fún ìdílé mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ mẹ́ta la bí. Ìyàwó mi ló ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sílé ìwé láràárọ̀, kò ju kìlómítà mẹ́rin lọ, ibi iṣẹ́ tèmi náà ò sì jìnnà. Mo rí Audi Q7 ọdún 2012 kan tó ń lo dísù, oníjókòó méje, tó ti rin 160,000 kìlómítà. Owó rẹ̀ ò ju ti ọkọ̀ kékeré tuntun lọ. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ìrìn tí ẹ ń rìn ni màá kọ́kọ́ wò, torí òun gan-an ni ìṣòro tó wà níbẹ̀.

Kìlómítà mẹ́rin ò tó kí ẹ́ńjìnnì dísù gbóná dáadáa. Asẹ́ kan wà nínú sàláńsà irú ọkọ̀ yìí tó ń gba èéfín dúdú dúró. DPF là ń pè é. Bó bá ti ń kún, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jó ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù, àmọ́ ooru ibẹ̀ ní láti tó nǹkan bí 600°C. Kí ooru náà lè dé, ọkọ̀ á máa tú epo kún epo. Bí ìyàwó yín bá wá pa ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé kí jíjó náà tó parí, asẹ́ á máa dí lọ, díẹ̀ nínú epo yẹn á sì ṣàn sínú ọ́ìlì. Mo ti rí ọkọ̀ tí ọ́ìlì rẹ̀ ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín, tí inú ẹni tó ni ín sì ń dùn. Ọ́ìlì tó ti ṣàn bí omi kì í dáàbò bo turbo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì.

Nítorí náà, bí ìrìn yín ò bá ju èyí tí ẹ kọ yìí lọ, ẹ má rà á. Ẹ wá èyí tó ń lo bẹntiróòlù. Àmọ́ bí ẹ bá máa ń rìn jìnnà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ọkọ̀ á sáré geere fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí títì márosẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Dísù lágbára lábẹ́ ẹrù, kì í sì í mu epo púpọ̀.

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ló máa ń sọ òótọ́. Bí wọ́n bá wá tan án, ẹ gbọ́ bóyá ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì náà ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, torí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi gíà, ni wọ́n fi ṣéènì náà sí, iṣẹ́ ńlá ni kéèyàn tó dé ibẹ̀. Èéfín tó bá dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Èyí tó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá ti pa á tí sàláńsà sì tutù, ẹ ti ìka bọ ẹnu rẹ̀. Bí ìka bá jáde dúdú kirikiri, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ asẹ́ yẹn tàbí kó ti fọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni yíyọ rẹ̀ ti lòdì sófin.

Bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló gbé ọkọ̀ náà dúró dípò sípíríǹgì, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó sùn síbi tó tẹ́jú. Bí igun kan bá lọ sílẹ̀ lówùúrọ̀, ó ń jò.

Ẹ kó àwọn ọmọ dání, kí ẹ de ìjókòó wọn mọ́ ọkọ̀ náà, torí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá há díẹ̀.

Owó ọkọ̀ yìí ló wálẹ̀, owó páàtì rẹ̀ ò wálẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá jẹ́ V6, ìyẹn oní-sìlíńdà mẹ́fà, ínjẹ́tọ̀ mẹ́fà tó ń tú epo ló wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè iye ẹyọ kan kí ẹ tó dúnàádúrà, kí ẹ sì fi owó yẹn pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.