Kí ẹ tó ra ọ́ìlì tó ki, ẹ tú róbà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì wò

Àǹtí wa ní Kwali, ẹ ní katakata Massey Ferguson yín ń mu ọ́ìlì, èéfín rẹ̀ sì ti di búlúù, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ máa da ọ́ìlì tó ki sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ohun tó fi ojú mi rí màbo ní Giwa nìyẹn.

Àgbàdo ni mo fi tèmi ń kó láti Giwa wá sí Zaria nígbà ọyẹ́, nínú eruku tí èèyàn kì í fi í rí táyà iwájú. Kò pé oṣù méjì, ọ́ìlì tí mo bá dà láàárọ̀ á ti lọ sílẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹ́ńjíníà ìjọba kan wá, kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo nǹkan kan, ó ní ẹ́ńjìnnì ti gbó, kí n tú u palẹ̀. Mo ta màlúù méjì. Wọ́n pààrọ̀ písítìn, ríǹgì tó yí i ká àti sleeve, ìyẹn páìpù irin tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré, èéfín tún dé! Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi lọ́jọ́ náà.

Bàbá Hausa kan tó ń wa lọ́rì ló ní kí n tú kílíìpù róbà tó ti ara air cleaner, ohun tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, wọ ẹ́ńjìnnì. Abẹ́ kílíìpù gan-an ló ti là, kò ju èékánná lọ. Mo ki ìka bọ páìpù, eruku pupa lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ kúnná bí àtíkè. Òun ló ń pò mọ́ ọ́ìlì, tó ń lọ ríǹgì bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Màlúù méjì mi, eruku ló jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ tú ẹ́ńjìnnì láì yẹ róbà yẹn wò, ẹ lé e lọ.

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì inú abọ́ air cleaner, kó má kọjá ìlà. Ìwé katakata tèmi ní kí n máa pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó bá ti ṣiṣẹ́ fún 250 wákàtí. 100 ni mo ń ṣe nígbà ọyẹ́. Ẹ sì yẹra fún dísẹ́ẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá ọ̀nà, omi inú rẹ̀ ti ba injector mi, ohun tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, jẹ́ rí.

Ọ́ìlì tó ki tí ẹ béèrè, kò lè wo ríǹgì tó ti jẹ sàn. Láàárọ̀ tí òtútù bá mú, kì í tètè gun òkè, irin á sì máa ha irin. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí ẹ ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde lemọ́lemọ́ bí ìkòkò tó ń hó, ríǹgì ti lọ. Bí kò bá tú, ó lè jẹ́ síìlì fáàfù lásán, róbà kékeré tó ń dí ọ́ìlì lójú fáàfù, ìyẹn ò ní ná yín tó màlúù kankan.