Sáìsì Ṣòkòtò Kọ́ Ni Ìwọ̀n Ikùn

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 46 ni mí, mo wọn kílò 82, mo ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 8. Ìyàwó mi ní mo ti sanra jù, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó, sáìsì 34 náà ni ṣòkòtò tí mò ń wọ̀. Ó ra tíì kan fún mi tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ikùn wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kílò 3 ti dín lára mi. Ṣé kí n máa mu ún lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, màá dé orí tíì. Sáìsì 34 yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá yín sọ, torí ó ti sú mi gbọ́ lẹ́nu àwọn ọkùnrin: "Ṣòkòtò mi àtijọ́ ṣì ń wọlé, n ò sanra." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dúró síwájú dígí, kí ẹ wo ibi tí bẹ́líìtì yín wà. Nígbà tí ẹ ṣègbéyàwó, ìtòsí ìdodo ló ń gbà. Lónìí ó ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ikùn, ikùn sì ti yọ bò ó. Lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ìdí kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi sí i, ikùn ló ń yọ. Ṣòkòtò lè wà ní 34 fún ọdún 20, kí ikùn tó wà lókè rẹ̀ sì ti di 41. Bẹ́ẹ̀ sì ni 34 aránṣọ kan kì í ṣe 34 ẹlòmíràn.

Ikùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rá abẹ́ awọ ìdí àti itan kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Èyí tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká nínú lọ́hùn-ún ló ń fa àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn súnmọ́ èèyàn, ìwọ̀n kílò kò sì lè fi í hàn. Ẹ fi gíga yín, mítà 1.73, pín kílò yín, kí ẹ tún fi pín ohun tó bá jáde: 27.4. Òun ni wọ́n ń pè ní BMI. Láti 25 ni èèyàn ti wúwo jù, 30 ni ìsanrajù gan-an bẹ̀rẹ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá. Alágbàṣe tó ń ru búlọ́ọ̀kù lè ní 27.4 kí ara rẹ̀ le koko.

Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ ká aṣọ sókè. Ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wá orí egungun ìdí nísàlẹ̀, àárín méjèèjì ni téèpù máa gbà. Kó tẹ́ yíká, kó má há yín lára. Ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ wá kà á. Ẹ má fa ikùn wọlé o! Bí téèpù bá ti kan ọkùnrin lára báyìí, èémí á dúró, àyà á gòkè, íńṣì méjì á sì sọnù.

Íńṣì 68 lẹ ga. Ikùn yín kò gbọdọ̀ tó ìdajì rẹ̀, ìyẹn 34. Bó bá lé ní 37, ewu ti ń bọ̀. Bó bá lé ní 40, ẹ má fi falẹ̀, ẹ lọ yẹ ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Fún obìnrin, 31.5 àti 35 ni. Téèpù kò wúlò fún aláboyún, ẹni tó ní fáíbírọ́ìdì ńlá tàbí ẹni tí omi kó sí nínú ikùn. N kò tíì fojú rí yín o, téèpù kò sì lè sọ pé àrùn wà lára yín. Ẹni tó yẹ ká yẹ̀ wò ló ń fi hàn.

Ó wá ku tíì. Ẹ dá a dúró. Ewé sénà tó ń múni yàgbẹ́ ló wọ́pọ̀ nínú irú wọn. Omi àti ìgbẹ́ ló pọ̀ jù nínú kílò 3 yẹn, á sì padà bí ẹ bá ti jẹun mumi dáadáa. Ìyàwó yín kọ́ ni mò ń bínú sí, àwọn tó ń fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú yín tọ̀, ẹ sọ fún dókítà yín lónìí pé ẹ mu tíì náà. Àpapọ̀ méjèèjì lè mú kí potásíọ̀mù dín jù lára, òun sì ni ọkàn nílò láti máa lù déédéé.