Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Mary Seacole Apoògùn Jàmáíkà àti Àwọn Ará Ilé Rẹ̀

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá ni a ti kọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ nípa Mary Seacole, obìnrin ọmọ Jàmáíkà tó po oògùn fún àwọn aláìsàn ní Kingston, ní Panama àti lójú ogun Kirimíà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé lẹ́yìn náà ló béèrè nípa ìdílé rẹ̀ àti irú oògùn tó ń lò, díẹ̀ ló sì béèrè nípa ogun. Èyí dùn mọ́ wa, nítorí pé ibi ìdílé àti oògùn yìí gan-an ni àwọn tó ń sọ ìtàn obìnrin náà máa ń sáré kọjá.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oògùn ni mí. Nọ́ọ̀sì ni mo máa ń gbọ́ pé wọ́n ń pe Mary Seacole, ṣùgbọ́n ẹ̀yin pè é ní apoògùn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rí tí ẹ fi pè é bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan fún un?

Ìdáhùn: Lóòótọ́, kò gba ìwé ẹ̀rí kankan. Ọdún 1815 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹgbẹ́ àwọn apoògùn Lọ́ńdọ̀nù láṣẹ láti máa dán ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà wò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ọdún 1865 ni Elizabeth Garrett, obìnrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, sì tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí, ìyẹn nígbà tí Mary Seacole ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Obìnrin tí wọ́n bí ní Kingston lọ́dún 1805, tí awọ rẹ̀ kò sì funfun, kò ní ilé ẹ̀kọ́ tí ì bá gbà á wọlé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a wò kí a tó fún un lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń se oògùn, tó ń pò ó, tó ń wọn iye tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan yóò lò, tó sì ń dín in kù tàbí kí ó yí i padà bí ara ẹni náà bá ti gbà á sí. Ó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá ní, ó sì ń tọ́jú tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú, nítorí pé nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹni tó po oògùn náà ni yóò jókòó ti aláìsàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tó bá ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìtàn rẹ̀, ojú òde òní ló fi ń wo ìgbà àtijọ́.

Ìbéèrè: Ta ni àwọn òbí rẹ̀, ọwọ́ ta ló sì ti kọ́ iṣẹ́ oògùn?

Ìdáhùn: Mary Jane Grant ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó wọ ilé ọkọ. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wá láti Skọ́tilẹ́ǹdì ni bàbá rẹ̀, ó sì máa ń fi ẹ̀jẹ̀ Skọ́tilẹ́ǹdì yìí yangàn. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Jàmáíkà tí ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti ti aláwọ̀ funfun papọ̀ lára rẹ̀. Kì í ṣe ẹrú, bẹ́ẹ̀ ó ku nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní erékùṣù náà nígbà tó bí Mary. Mary ní àbúrò obìnrin kan tó ń jẹ́ Louisa, ó sì ní arákùnrin kan tó ń jẹ́ Edward.

Ìyá yìí ni ọ̀gá àkọ́kọ́, òun náà ni a kà sí orísun gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Ó ní ilé ìgbàlejò kan ní Kingston tí wọ́n ń pè ní Blundell Hall, ó sì jẹ́ oníṣègùn tí òkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwọn ọ̀gágun orí ilẹ̀ àti ti ojú omi pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn. Àwọn òyìnbó tó dé Jàmáíkà nígbà náà ń kú bí ewé nítorí ibà, dókítà wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Àwọn obìnrin ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń sá tọ̀. Kì í ṣe ìyá Mary nìkan: ní Port Royal, Cubah Cornwallis ló tọ́jú Horatio Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí, lọ́dún 1780, nígbà tí àìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkùnrin náà lẹ́yìn ìrìn àjò ogun sí odò San Juan. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àlejò, aláìsàn àti dókítà ọmọ ogun jọ ń jẹun pọ̀ ni, ọmọ tó bá ní etí yóò gbọ́ ohun tí òyìnbó mọ̀, yóò sì rí ohun tí ìyá rẹ̀ mọ̀.

Mary ní etí. Ó sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1857, pé ara ọmọláńgidi òun ni òun ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, pé àìsàn tó bá ń ṣe àwọn àlejò ìyá òun ni òun máa ń sọ pé ó ń ṣe ọmọláńgidi náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ó kan ajá àti ológbò, ó sì kan ara òun fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi pé ọmọ ọdún méjìlá, ó ti ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọn kan ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, tí àwọn mìíràn kò sì gbà bẹ́ẹ̀? Níbo ni ènìyàn ti lè wá ìwé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìdáhùn: Òun fúnra rẹ̀ kọ̀ láti sọ ọ́. Ó ní obìnrin ni òun, opó sì ni òun pẹ̀lú, kí wọ́n má bi òun ní ọjọ́ orí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọdún 1878 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ọmọ tuntun àti òkú sílẹ̀ káàkiri Jàmáíkà. Ẹni tó bá ń wá àwọn tó ti wà ṣáájú ọdún náà, ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ti ìjọ ni yóò yẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì wà ní Spanish Town, tó jẹ́ olú ìlú àtijọ́. A ó fi ìmọ̀ràn kan kún un: ẹ má ṣe tẹ̀ lé orúkọ bàbá nìkan. Nínú irú ìdílé tí ilé àti iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ obìnrin, ẹni tó bá ń tọpasẹ̀ ọkùnrin yóò bá ara rẹ̀ nínú ìwé àwọn ọmọ ogun ní Skọ́tilẹ́ǹdì, yóò sì pàdánù iṣẹ́ oògùn náà pátápátá.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ àlè Nelson ni ọkọ rẹ̀?

Ìdáhùn: A kò gbà á gbọ́. Ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1836 ni Mary fẹ́ Edwin Horatio Hamilton Seacole ní Kingston. Orúkọ àárín méjèèjì yìí ló fa ìtàn náà, nítorí pé Horatio ni Nelson ń jẹ́, Hamilton sì ni orúkọ àlè rẹ̀, Emma. Ohun tí Mary kọ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ ni pé Nelson ni bàbá ìsàmì ọkọ òun, ó sì dárúkọ òrùka dáyámọ́ńdì kan tí Nelson fún un. Síbẹ̀ Nelson kò mẹ́nu ba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìhágún tirẹ̀.

Ohun tí a rí pé ó ṣe pàtàkì ju ariwo yìí lọ ni pé ìdílé Thomas Seacole ní Prittlewell, ní ìpínlẹ̀ Essex, ni Edwin ti dàgbà, Thomas yìí sì jẹ́ oníṣẹ́ abẹ, apoògùn àti agbẹ̀bí. Ẹ wò ó bí ọmọ apoògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ fẹ́ ọmọ oníṣègùn Jàmáíkà! Ìṣòwò ni Edwin ń ṣe ní tirẹ̀, ara rẹ̀ kò sì le. Wọ́n ṣí ìsọ̀ ní Black River, ọjà kò tà, wọ́n padà sí Kingston. Iná ńlá jó ìlú náà ní oṣù kẹjọ ọdún 1843, ó sì jó ilé ìgbàlejò wọn mọ́ ọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1844 Edwin kú, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá Mary náà kú. Mary tún ilé náà kọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ ìyá rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Oògùn wo gan-an ló ń lò? Ǹjẹ́ wọ́n ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Àjàkálẹ̀ àrùn onígbáméjì ló fi ọwọ́ rẹ̀ hàn. Lọ́dún 1850 àrùn náà wọ Jàmáíkà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Dókítà kan tó wọ̀ sí ilé Mary kọ́ ọ ní ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Lọ́dún 1851 ó lọ bá Edward arákùnrin rẹ̀ ní Cruces, ní Panama, àrùn yìí kan náà sì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí dókítà gidi ní ìlú náà. Mary ní kí aláìsàn mu músítádì láti fi bì, ó lẹ músítádì mọ́ ikùn àti ẹ̀yìn wọn, ó fún wọn ní kalomẹ́ẹ̀lì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi mẹ́kúrì ṣe, ó sì ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, omi tí ó ti se sínámónì sí ni ó ń fún wọn mu. Ó bẹ̀rù ópíọ̀mù, ó ní oorun tó ń mú wá máa ń di oorun ikú nígbà púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Májèlé ni mẹ́kúrì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni iyọ̀ òjé tó tún lò. Mímú kí ẹni tí omi ti ń tán lára rẹ̀ tún bì kò lè ṣe é lóore, nítorí pé àìtó omi àti iyọ̀ inú ara ni àrùn yìí fi ń pani. Ṣùgbọ́n oògùn tí àwọn dókítà tó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ń lò nígbà náà kò yàtọ̀ sí èyí. Nínú gbogbo ohun tó kà sílẹ̀, omi tó se pẹ̀lú sínámónì, tó mọ́, tí aláìsàn sì ń mu léraléra, ni a rò pé ó gba ẹ̀mí là jù. Ìkejì rẹ̀ ni ìwà rẹ̀ nídìí iṣẹ́: ó kọ̀wé pé oògùn tó wo ẹnì kan sàn lè pa arákùnrin rẹ̀ bí a bá tẹra mọ́ ọn, nítorí náà ara oníkálukú ni ó ń wò. Ó tilẹ̀ ṣí òkú ọmọ kékeré kan tí àrùn náà pa láti fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. A kò lè yìn ín fún ìyẹn, nítorí pé ní ìkọ̀kọ̀ ló ṣe é, kò sì sí òbí tó fún un láyè.

Ìbéèrè: Ẹ sọ díẹ̀ fún wa nípa Kirimíà.

Ìdáhùn: Èyí ni apá tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, a kò ní pẹ́ nídìí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ogun ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀ láti gbà á síṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún 1854. Ó fi owó ara rẹ̀ lọ, òun àti Thomas Day tó jẹ́ ìbátan ọkọ rẹ̀ sì kọ́ ilé ìtajà kan sí ẹ̀bá Balaklava lọ́dún 1855, níbi tó ti ń ta oúnjẹ, tó sì ń po oògùn ìgbẹ́ ọ̀rìn fún àwọn ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ ojú irin. Ogun parí lójijì, ọjà kún ilẹ̀, ó sì wọko gbèsè lọ́dún 1856. Ilé ìgbàlejò tó fi sílẹ̀ ní Kingston kò bàjẹ́ ní tirẹ̀, Louisa àbúrò rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ó bímọ? Mo ka ibì kan pé ọmọbìnrin kan wà pẹ̀lú rẹ̀ lójú ogun.

Ìdáhùn: Ọmọ kankan kò sí nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Alexis Soyer, ọ̀gá alásè tó wà ní Kirimíà, ló kọ̀wé nípa ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sarah, tó sì pè é ní ọmọ Mary. Florence Nightingale, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun náà, sọ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà, ó tilẹ̀ dárúkọ ọ̀gágun kan gẹ́gẹ́ bí bàbá ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀rí kankan tì í, kò sì fẹ́ràn Mary rárá, nítorí náà a kò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ karí. Ó lè jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ìbátan. Nígbà tí Mary kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1881, dúkìá rẹ̀ lé ní £2,500, kò sì fi ohunkóhun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó pè ní ọmọ. Òrùka Nelson lọ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Count Gleichen, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù sì lọ sọ́dọ̀ Louisa.