Bí owó orí ọjà bá rọ́pò owó orí owó oṣù ní Amẹ́ríkà, kí ni yóò bá owó Social Security?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Owó Social Security, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba àpapọ̀ ń san, ni èmi àti baálé mi fi ń jẹun, pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì $900 tó ń ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wọlé lóṣooṣù. Wọ́n ní àwọn aṣòfin kan fẹ́ fagi lé owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, kí wọ́n wá gbé owó orí kan ṣoṣo lé ọjà jákèjádò Amẹ́ríkà. Tí ọjà bá wọ́n, ṣé owó tiwa náà yóò lé? Ìjọba fúnra rẹ̀ ńkọ́, tó ń ra ọkọ̀, tó ń ra oògùn, ṣé òun náà yóò san án?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná, àbádòfin lásán ni, kò tíì di òfin. FairTax ni wọ́n ń pè é. John Linder, aṣòfin láti ìpínlẹ̀ Georgia, ló kọ́kọ́ gbé e wá ní 1999. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé e wá léraléra. Buddy Carter, tí òun náà ń ṣojú Georgia, gbé e wá ní 2023. Kò sí ìkankan nínú ilé aṣòfin méjèèjì tó fọwọ́ sí i rí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ń padà wá láti ọjọ́ yìí yẹ kéèyàn mọ̀dí rẹ̀.

FairTax yóò pa owó orí owó tó ń wọlé rẹ́, ti èèyàn àti ti ilé iṣẹ́. Yóò pa èyí tí wọ́n ń yọ fún Social Security àti Medicare (ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà) rẹ́, àti owó orí ogún pẹ̀lú. Owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 23 nínú 100 ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò gbogbo rẹ̀. Ibí ni kí ẹ ti la ojú yín dáadáa. Tí ẹni tó ń ta ọjà bá fẹ́ gba $100, nǹkan bí $130 lẹ máa san. $30 nínú $130 ni ìdá 23 tí wọ́n ń wí. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní 23, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á ní 30, kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìjọba bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti díjú jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba náà yóò san án: ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀. Kì í ṣe lórí ọkọ̀ panápaná nìkan o. Owó oṣù ọlọ́pàá àti ti sójà náà wà níbẹ̀, nítorí wọ́n kà á sí ọjà tí ìjọba ń rà. Ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n yọ sílẹ̀. Àwọn tó kọ àbádòfin náà ní àwọn kò fẹ́ kí ìjọba ní àǹfààní lórí ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu dé ìwọ̀n àyè kan.

Ṣùgbọ́n ti ìjọba àpapọ̀, owó tó ń ti àpò ọ̀tún bọ́ sí àpò òsì ni. Ká ní wọ́n fẹ́ ra ohun ìjà tó jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Pẹ̀lú owó orí, ó di $1,300,000. $300,000 yẹn yóò padà sí ilé ìṣúra tó ti jáde. Tí ẹ bá wo owó tó wọlé nìkan, ó dà bíi pé ìjọba ti rí owó he. Tí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ kejì ìwé, owó tó ná náà ti gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Bí àwọn aṣòfin kò bá fi kún ìṣúná, ohun tí ìjọba lè rà ni yóò dín kù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìbò pé kí wọ́n dín in. Kókó tí William Gale, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní ilé ìwádìí Brookings, fà yọ nìyí nígbà tó ṣe ìṣirò tirẹ̀ ní 2005. Ó ní tí ìjọba yóò bá máa ṣe ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìdá 23 kò lè tó, pé ìdá 31 ni, ìyẹn $44 lórí ọjà $100. Lọ́dún yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Bush gbé kalẹ̀ yẹ irú owó orí bẹ́ẹ̀ wò. Owó orí owó tó ń wọlé nìkan ni tiwọn yóò rọ́pò, síbẹ̀ ó kéré tán $34 lórí $100 ni wọ́n rí. Èmi gba ìṣirò wọ̀nyí gbọ́ ju ti àwọn olùpolongo lọ.

Ti ìpínlẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀, nítorí owó tí wọ́n bá san, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Washington ló ń lọ. Àwọn ni yóò máa bá Washington gba owó orí náà, sẹ́ńtì 25 péré nínú $100 tí wọ́n bá gbà ni yóò sì kù sí wọn lọ́wọ́ fún wàhálà gbígbà á. Kí wọ́n fi owó orí tiwọn lé e, tàbí kí wọ́n gé iṣẹ́, kò sí ọ̀nà kẹta. (Bóyá òfin ilẹ̀ gba Washington láyè láti bu owó orí lé ìpínlẹ̀ lórí báyìí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ni yóò parí ìyẹn.)

Ó wá kan owó yín. Láti 1975 ni Social Security ti ń lé fúnra rẹ̀ bí ọjà bá ṣe wọ́n, òṣùwọ̀n tí wọ́n sì ń lò máa ń ka owó orí tí ẹ san nídìí ọjà mọ́ iye ọjà. Iye ọjà láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń fi wé ti ọdún tó ṣáájú, kí àfikún tó dé ní January. Tí ọjà bá wá fò sókè ní January, ọdún kan gbáko lẹ óò fi dúró de àfikún rẹ̀. Àbádòfin náà ya ìpín kan sọ́tọ̀ kí òṣùwọ̀n náà lè máa ka owó orí tuntun yìí mọ́ iye ọjà.

Ṣé ọjà yóò tiẹ̀ wọ́n? Ọ̀nà méjì ló lè gbà. Tí agbanisíṣẹ́ bá ń san odindi owó oṣù tó ń san tẹ́lẹ̀, tí òṣìṣẹ́ sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sílé, ọjà yóò fò sókè, Social Security yóò sì tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá gé owó oṣù sí iye tí òṣìṣẹ́ ń gbé lọ sílé lónìí, iye tí ẹ ń san lórí ọjà kò ní yí padà púpọ̀, owó yín náà kò sì ní kúrò lójú kan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òṣìṣẹ́ yóò gba owó rẹ̀ lódindi, tí ọjà kò sì ní wọ́n, ó fẹ́ jẹ méjì pọ̀ ni. Lójú tèmi, ọjà ni yóò wọ́n, nítorí kò rọrùn láti gé owó oṣù èèyàn.

Owó kan tún wà tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀: lóṣooṣù, gbogbo ìdílé tó ń gbé orílẹ̀-èdè náà lọ́nà òfin, olówó àti tálákà, yóò gba ìdá 23 iye tí ìjọba kà sí ààlà òṣì. Ní 2024, $15,060 ni ààlà náà fún ẹnì kan. Ti tọkọtaya jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ nínú àbádòfin náà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí $577 lóṣù. Tí ìnáwó ẹ̀yin méjèèjì kò bá ju $30,120 lọ lọ́dún, ẹ ti gba owó orí yín padà nìyẹn. Ìjọba kì í sì í gba owó orí lórí Social Security tọkọtaya tí àròpọ̀ owó wọn kò tó $32,000, nítorí náà tí owó yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, pípa tí wọ́n fẹ́ pa owó orí owó tó ń wọlé rẹ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe yín láǹfààní.

Ti Medicare, dókítà àti oògùn náà wà lára ọjà tó ń san owó orí. Ìjọba yóò san lórí tirẹ̀, ẹ̀yin náà yóò san lórí èyí tó ń ti àpò yín jáde.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù fún yín ni $900 yẹn. Ọ̀pọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ aládàáni kì í lé bí ọjà bá wọ́n. Tí ọjà bá fò sókè tó bẹ́ẹ̀, ohun tí nǹkan bí $693 ń rà lónìí ni $900 yóò máa rà. Ẹ wo ìwé àdéhùn baálé yín bóyá àfikún ọdọọdún wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ní owó nínú Roth, ìyẹn àpò ìfowópamọ́ ìfẹ̀yìntì, ẹ má tìtorí àhesọ gbé e síbòmíràn: ẹ ti san owó orí lé e tẹ́lẹ̀, bó bá sì di òfin, ẹ óò tún san òmíràn nígbà tí ẹ bá ń ná an, ibi yòówù kó wà.