Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́, àmọ́ oorun ti dá lójú mi

Òṣogbo ni lẹ́tà yìí ti wá. Mo gé e kúrú, mo sì yọ ohun tó lè tú àṣírí ẹni tó kọ ọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ ọdún 38 ni mí, aṣọ ni mò ń tà, mo bí ọmọ méjì. Lọ́dún tó kọjá, kókó kan yọ lọ́rùn mi. A rò pé gẹ̀gẹ̀ lásán ni, àfi bí wọ́n ṣe ní jẹjẹrẹ táírọ́ìdì ni. Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí n tó gbé áyódíìnì onítànṣán mì. Dókítà ní ó ti lọ. A ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ láti ìgbà náà, n kì í sùn. Tó bá ti di aago mẹ́ta òru, àyà mi á máa lù kìkìkì. Mo ń sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù láìsí ẹni tó ṣe mí ní nǹkan. Tí àyẹ̀wò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Nínú ooru, ìborùn ni mo fi ń bo àpá náà. Ọkọ mi ní aláìmoore ni mí, pé èyí tó rọrùn jù nínú jẹjẹrẹ ló ṣe mí. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀mí ìbànújẹ́ ni, kí n gba àwẹ̀. Mò ń lo oògùn mi dáadáa o: láràárọ̀ ni mò ń fi ògì gbígbóná gbé e mì, òun àti kálísíọ̀mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀, kí n lè ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé bí mi ò bá jí mọ́, bóyá ara á tu gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wèrè ló fẹ́ mú mi ni? Èmi Oníborùn.”

Oníborùn, àbúrò mi,

Ọ̀rọ̀ “bí mi ò bá jí mọ́” yẹn ni n óò kọ́kọ́ mú. Ṣé ó ti dórí pé ò ń ro bí wàá ṣe ṣe é? Bó bá ti dé bẹ̀, má ka èyí parí. Pe ẹnì kan tí o fọkàn tán, sọ ọ́ fún un gan-an bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, kó bá ọ lọ sílé ìwòsàn lónìí, kó sì gba gbogbo oògùn tó wà nílé sọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí kò bá tíì dé bẹ̀, dókítà ṣì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe wèrè. Mo sì dúpẹ́ pé o kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó yá, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ògì.

O fi gbólóhùn yẹn sáàárín bí ẹni tí ń ṣàlàyé pé òun kò ṣẹ̀, àmọ́ òun ló mú mi dìde jókòó. Táírọ́ìdì tí wọ́n yọ yẹn kò tóbi, ó dà bíi labalábá tó bà síwájú ọ̀nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ fún ọkàn bí yóò ṣe sáré tó, fún ìfun bí yóò ṣe lọ̀ tó, fún ọpọlọ bí yóò ṣe yá tó. Ní báyìí tí kò sí mọ́, hóró levothyroxine tí ò ń gbé mì láràárọ̀ ni táírọ́ìdì rẹ. Òun nìkan. Inú òfìfo ló sì fẹ́. Omi lásán ni kí o fi gbé e mì, kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí nǹkan mìíràn tó kan ẹnu rẹ. Kálísíọ̀mù, àti irin tó wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń dì mọ́ ọn nínú ìfun, tí wọ́n á jọ bá ìgbẹ́ lọ. Wákàtí mẹ́rin ló yẹ kó wà láàárín wọn. Bó bá tún jẹ́ ògì tí wọ́n lọ̀ mọ́ sóyà ni, ọ̀rọ̀ náà burú sí i.

Ẹni tí oògùn yìí kò bá tó lára rẹ̀, òtútù á máa mú un, ara á wúwo, ìgbẹ́ á le, á máa gbàgbé nǹkan, ẹkún kò ní jìnnà sí i. Bó bá pọ̀ jù, àyà á máa lù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á sá lọ. Ohun tó mú kí ti ẹ̀yin tí ẹ ní jẹjẹrẹ yàtọ̀ ni pé dókítà lè mọ̀ọ́mọ̀ fi oògùn náà sókè díẹ̀, kí TSH, ìyẹn ìránṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí táírọ́ìdì, lè lọ sílẹ̀, kó má bàa máa ta sẹ́ẹ̀lì àrùn kankan tó bá ṣẹ́ kù jí. Nítorí náà, àyà tó ń lù kìkìkì lóru lè ti ibẹ̀ wá. Ó lè ti inú ìbẹ̀rù wá. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á fi mọ̀ ọ́n.

Sọ fún dókítà rẹ bí o ṣe ń lò ó, tògì-tògì. Kó yẹ TSH àti kálísíọ̀mù rẹ wò. Má kàn yí i padà láìsọ fún wọn o: bí wọ́n bá ti fi kún ìwọ̀n oògùn rẹ nítorí pé ògì ń jẹ nínú rẹ̀, ọjọ́ tí o bá jáwọ́ nínú ògì ni ìwọ̀n náà á pọ̀ jù fún ọ. Má sì dá a dúró. Lẹ́yìn ìyípadà, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí àyẹ̀wò tó lè sọ òótọ́, torí náà má retí pé ara á yá lọ́la.

Kálísíọ̀mù náà, má fi ṣeré. Ẹ̀yìn táírọ́ìdì ni àwọn ẹṣẹ́ mẹ́rin kan wà tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, àwọn ló ń ṣètò kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ abẹ sì lè ṣe wọ́n léṣe. Bí ètè tàbí ìka rẹ bá ń ṣe yìnrìnyìnrìn, bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, tètè lọ. Kálísíọ̀mù tó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú máa ń mú kí ọkàn èèyàn má balẹ̀.

N kò bá ìyá ọkọ rẹ jà lórí àwẹ̀. Fi omi gbé hóró náà mì kí ilẹ̀ tó mọ́, kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, o tún lè máa lò ó lálẹ́ tí o bá fẹ́ sùn, lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí o ti jẹun. Ọjọ́ kan kò gbọ́dọ̀ fò.

Ká wá sọ pé gbogbo èsì dára, tí oorun kò sì padà wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà ti máa ń pa fáìlì dé, èyí sì ń bí mi nínú. “Èyí tó rọrùn jù” tí ọkọ rẹ ń sọ yẹn, ó ní ibi tó ti rí i. Ní Amẹ́ríkà, nínú èèyàn 100 tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ yìí lára wọn, bíi 98 ni kì í pa láàárín ọdún 5. Ìṣirò tó dùn ún gbọ́ ni. Àmọ́ ìṣirò kọ́ ló wọ yàrá àdáwà yẹn, níbi tí wọ́n ń fi ẹni tó gbé áyódíìnì onítànṣán mì sí, kí ìtànṣán ara rẹ̀ má bàa kan ẹlòmíràn. Ìwọ ni. O ti wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìlo oògùn tó dípò táírọ́ìdì rẹ, èyí tó tó láti mú kí akíkanjú sunkún. Wọ́n wá fún ọ ní oògùn tí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ mú, wọ́n gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀ fún ọ, wọ́n sì yára jáde. Obìnrin kan sọ fún mi pé ní ọjọ́ tí òun kúrò nílé ìwòsàn, tí òun ṣì ń ya ara òun sọ́tọ̀ nílé, ọmọ òun ọlọ́dún mẹ́ta dojú bolẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń ti ìka rẹ̀ bọ abẹ́ ilẹ̀kùn kóun lè dì í mú. Kò dì í mú. Ó ní òun ṣì ń rí àwọn ìka yẹn.

Èmi fúnra mi, nígbà tí wọ́n gé kókó kan lára ọmú mi lọ fún àyẹ̀wò, ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dúró de èsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Síbẹ̀, títí di òní, bí fóònù bá dún tí mi ò mọ nọ́ńbà náà, ikùn mi á kọ́kọ́ dì. Ìwọ sì rèé tí wọ́n sọ fún pé ó wà, tí wọ́n á sì tún máa yẹ ọrùn rẹ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ìbẹ̀rù bá dé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kò yà mí lẹ́nu. Béèrè bóyá wọ́n lè mú ọjọ́ àyẹ̀wò àti ọjọ́ tí wọ́n á sọ èsì súnmọ́ra. Má dá lọ gba èsì.

Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oúnjẹ, oorun àti ọjà kò wu èèyàn mọ́, ti kúrò ní ohun tí ìmọ̀ràn mi lè gbé. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n ń pè é, ó sì ní ìtọ́jú: àwọn tó mọ bí a ti í bá ọkàn sọ̀rọ̀ wà, oògùn sì wà bó bá gba bẹ́ẹ̀. Láti Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ibẹ̀ ní àwọn dókítà ọpọlọ. Jẹ́ kí wọ́n mọ gbogbo oògùn tí ò ń lò.

Mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ ni pé, “Wọ́n á ní wọ́n gbé mi lọ sí Aro.” Ó dáa, jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa Aro fún ọ. Nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1954, inú abúlé ní àyíká ibẹ̀ ló fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, ó sì ní kí ẹbí kan tẹ̀ lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wá, kó máa se oúnjẹ fún un. Ẹbí wà lára oògùn náà.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ. Fún un ní ìpínrọ̀ yìí kó kà. Bàbá ọmọ, mo kí ẹ o. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìyàwó rẹ mọ̀ pé òun là á já, ó dúpẹ́, o sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Má bi í mọ́ pé “ṣé kò ti lọ ni?” Bó bá jí ní aago mẹ́ta òru, jí sí i. Béèrè pé, “Ṣé àyà yẹn tún ni?” Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, fi iṣẹ́ tìrẹ sílẹ̀ kí o bá a lọ.

Ó ku ìborùn, àbúrò mi. Ẹni tó bá ní kí o ṣí i kò mọ nǹkan kan. Oòrùn máa ń sọ àpá tuntun di dúdú, torí náà ní ọdún àkọ́kọ́, ìborùn ń ṣe ọ́ lóore. Kó ṣáà fúyẹ́ díẹ̀.

Bí èsì TSH bá dé, kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ògì yẹn ṣe parí.